Ọwọ́ Tó Di Fóònù Mú

Ìdílé wọn ti wà ní Àmùwó kí ẹnikẹ́ni tó máa pe ibì kan ní Fẹ́sítáàkì. Bàbá tó bí bàbá Kúlísúmù máa ń sọ pé oko ẹ̀gẹ́ ni òun mọ ibi tí wọ́n da ọ̀dà sí yìí sí, àti pé ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ odò nígbà náà, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni yóò wọ̀. Ìjọba gba ilẹ̀, wọ́n kọ́lé, àlejò wọlé dé láti ibi gbogbo, onílẹ̀ sì di aládùúgbò àlejò. Ohun tó ṣẹ́kù fún wọn ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí, àti ṣọ́ọ̀bù tí ìyá Kúlísúmù, Alájà Làtífátù, ti ń ta sìmẹ́ńtì àti irin ìkọ́lé ní Àgbójú, lójú ọ̀nà Ọ̀jọ́ àtijọ́.

Ṣọ́ọ̀bù yìí ni Alájà wà lọ́jọ́ kan ní ọdún 2005 nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Akọ́ládé ló ń pè. Àkọ́bí rẹ̀ ni, òun nìkan sì ni ọkùnrin tó bí. Iṣẹ́ gbígba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù ló ń ṣe, ó sì ń ti Àpápá bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Tírélà ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ariwo rẹ̀ sì bo gbogbo ibẹ̀. Alájà di fóònù mú pinpin, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ọ̀tún, ó fi ọwọ́ kejì dí etí òsì.

“Màámi,” ni Akọ́ládé wí, “ẹ gbọ́ ná, mo fẹ́ kí ẹ—”

Ìpè náà já.

“Akọ́? Akọ́ládé?” Kò sẹ́ni tó dáhùn. Alájà tún nọ́ńbà náà tẹ̀, obìnrin inú ẹ̀rọ sọ fún un pé ẹni tó ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Láyé ìgbà yẹn, ta ni ìpè rẹ̀ kì í já? Ẹni tí tirẹ̀ ò bá já ló máa ń dúpẹ́. Alájà rò ó pé ọmọ náà á tún pè, ó ju fóònù sínú àpò ìró rẹ̀, ó sì padà sí ìdí ọjà.

Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, kọ̀ǹténà kan ti já bọ́ lórí tírélà ní Mazamaza, ó sì ti wó lu ọkọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akọ́ládé ló wà nínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí àwọn àgbààgbà ìdílé wá bá Alájà ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ní kó jókòó, ohun tó kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni, “Irọ́ ni. Àwa méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán ni.”

Wọ́n sin ín, wọ́n sì ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò parí yẹn kò bá òkú wọlẹ̀. Kí ni Akọ́ládé fẹ́ kí ìyá rẹ̀ ṣe? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ò mọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀fù ò mọ̀. Alájà kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú èèyàn. Kúlísúmù, àbúrò Akọ́ládé, nìkan ló máa ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ sábẹ́ ohùn nígbà tó bá ń ká ẹní ìrun rẹ̀: “Mo fẹ́ kí ẹ. Mo fẹ́ kí ẹ.”

Kúlísúmù ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ní yunifásítì nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó parí, ó sin ilẹ̀ baba rẹ̀, ó sì padà wá ka ìwé Másítà. Dókítà Ọláníran ni olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í tètè gbà pé nǹkan dára. Lọ́jọ́ tó ní kí kálukú wá sọ ohun tó fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí, Kúlísúmù ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

“Áńtẹ́nà fóònù, sà.”

“Áńtẹ́nà? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń sá fún un. Kí ló dé?”

“Mo fẹ́ mọ ìdí tí ìpè fi máa ń já, sà.”

Dókítà wò ó títí, kò bi í ní nǹkan mìíràn. Kúlísúmù náà kò sì dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ nídìí iṣẹ́ náà yà á lẹ́nu. Áńtẹ́nà ni irin tínínrín tó ń bá fóònù gba ohùn láti orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó sì ń bá a rán tiwa padà. Láyé àtijọ́, ó máa ń yọ orí síta bí ìwo ìgbín, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ń ṣe fóònù fẹ́ kó rẹwà, wọ́n tì í sínú, sí ẹ̀yìn lókè, ibi tí ìka wa máa ń bọ́ sí gẹ́lẹ́. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ìdajì ni irin náà. Ìdajì kejì tí kò ní, ara fóònù lódindi ló fi ń ṣe é. Nítorí náà, iná tó yẹ kó máa sáré lórí áńtẹ́nà nìkan á máa sáré káàkiri ara fóònù. Bí a bá sì ti di fóònù náà mú, ọwọ́ wa, tó jẹ́ ẹran àti omi àti iyọ̀, á máa mu nínú agbára rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà. A lè fún áńtẹ́nà ní apá méjì tó dọ́gba, kí ohun tó ń lọ lórí ọ̀kan jẹ́ òdìkejì ohun tó ń bọ̀ lórí èkejì, kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn láàárín ara wọn, kí ara fóònù má bàa bá wọn dá sí i. Bí ara fóònù bá ti dákẹ́, ọwọ́ ò ní rí púpọ̀ mu mọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé irú áńtẹ́nà bẹ́ẹ̀ kì í lè gbọ́ ju oríṣi ìgbì kan lọ, ìgbì tó ń gbé ohùn gba inú afẹ́fẹ́. Fóònù sì gbọ́dọ̀ gbọ́ oríṣiríṣi, torí pé àwọn òpó ń lo ìgbì gígùn, wọ́n ń lo ìgbì kúkurú, 3G tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú Èkó nígbà náà sì tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Áńtẹ́nà tí apá rẹ̀ dọ́gba, tí etí rẹ̀ sì tún gbòòrò: iṣẹ́ tí Kúlísúmù gbà nìyẹn.

Débọ́lá ló bá a dá sí i. Akẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ni, ọmọ tí wọ́n bí tí wọ́n sì wò ní Fẹ́sítáàkì, òun ló sì ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Òun ló sọ fún Kúlísúmù pé ọgbọ́n apá méjì yìí kò ṣàjèjì sí òun: wáyà méjì ló wà nínú okùn gbohùngbohùn tó dára, ohun tó wà lórí ọ̀kan jẹ́ òdìkejì ti èkejì, ìdí nìyẹn tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í fi í wọ ìwàásù. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé àwọn òbí rẹ̀ ní òpópónà karùn-ún ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ yà á sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á gé e sórí bébà, lẹ́yìn náà wọ́n á fi àlùmọ́gàjí gé bàbà tó fẹ́lẹ́ bí ewé, wọ́n á ká a, wọ́n á sì fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ pátákó tí kò ju fóònù lọ.

Iṣẹ́ sùúrù ni. Bí wọ́n bá fẹ apá ọ̀tún, dandan ni kí wọ́n fẹ apá òsì ní ìwọ̀n kan náà. Bí ọ̀kan bá fi bí irun orí ju èkejì lọ, iná á jò sí ara fóònù, gbogbo rẹ̀ á sì dà bí ti àtijọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ní yunifásítì, ẹ̀ka bíi mẹ́ta ló jọ ń lò ó, iná ìjọba sì lè lọ nígbà tó bá kan ẹ. Àìmọye bàbà ni wọ́n jù nù. Nígbà tó yá, Kúlísúmù ká etí apá méjèèjì wọ inú, ó gbin apá kékeré mìíràn sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, etí áńtẹ́nà náà sì là: ó gbọ́ ìgbì kúkurú, ó gbọ́ ti 3G, ó tún kọjá ibẹ̀. Ìgbì gígùn nìkan ló kù, torí pé apá tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Débọ́lá jó ká yàrá. Kúlísúmù jókòó sórí àga, ó di ohun kékeré náà mú lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń rò.

Ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Lọ́jọ́ tí ìdílé pé jọ fún àdúà ọdún kẹta Akọ́ládé, lẹ́yìn tí àwọn ààfáà ti jẹun tí wọ́n ti lọ, Bàbá Yísà, àbúrò bàbá Kúlísúmù, bi í léèrè ìwé wo gan-an ló ń kà tí kò parí.

“Áńtẹ́nà fóònù ni, Bàbá,” ni Kúlísúmù wí. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan bi í. Ó mú fóònù Bàbá Yísà, ó gbé e sórí tábìlì. “Ẹ wo àwọn igi nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lójú rẹ̀. Ó pé, àbí kò pé?”

“Ó pé.”

Kúlísúmù fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó fún un mọ́ra. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, igi kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e.

“Ẹ rí i? Àwa a máa ń bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọwọ́ wa gan-an ló ń pa á. Bí a bá ṣe ń dì í mú tó ni ìpè ṣe ń kú lọ.”

Àwọn tó wà ní pálọ̀ pa háà. Bàbá Yísà mi orí, ó ní ìwé mà dára o. Kò sẹ́ni tó wo Alájà Làtífátù, tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lórí itan.

Ẹyin lohùn. Kúlísúmù ò mọ̀ pé òun ti jẹ́ kó bọ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣàkíyèsí pé nǹkan ti yí padà. Ó yà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó rí i tí fóònù ìyá rẹ̀ wà lórí àpò sìmẹ́ńtì. Nígbà tó dún, Alájà fi orí ìka kan tẹ̀ ẹ́, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń pariwo sí i bí ẹni tó ń pe èèyàn nínú kànga. Àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín. Kúlísúmù rò pé bóyá etí ló ń dùn ún. “Etí mi ò ṣe nǹkan kan,” ni Alájà dá a lóhùn, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tó tún yá, kì í gbé fóònù náà kúrò nílé mọ́. Ó fi aṣọ wé e sínú dúrọ́ọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ náà tó jáde. Kúlísúmù bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ti ṣe àlùwàlá tán, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ lórí orúnkún, ó ń wò ó.

“Màámi, ṣé kò sí nǹkan?”

“Àbẹ̀ní,” ni Alájà fi oríkì rẹ̀ pè é láìgbójú sókè, “ọwọ́ yìí ni mo fi dì í mú. Mo dì í mú pinpin, torí ariwo tírélà. Ká ní mo rọra dì í mú ńkọ́? Ǹjẹ́ ọmọ mi kò ní parí ọ̀rọ̀ rẹ̀?”

Kúlísúmù rántí pálọ̀, ó rántí fóònù Bàbá Yísà, ó rántí bí òun ṣe ń yangàn. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ náà mú, ṣùgbọ́n Alájà fà á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì wọlé lọ kírun.

Nígbà tó ròyìn fún Débọ́lá, Débọ́lá ò ronú púpọ̀. “Sọ fún wọn pé o ṣàṣìṣe. Sọ pé ọwọ́ ò ṣe fóònù ní nǹkan kan. Ta ló fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò?”

“Irọ́ nìyẹn.”

“Irọ́ tó máa jẹ́ kí Màámi sùn ni, Kúlí.”

Ká sọ òótọ́, Kúlísúmù rò ó. Ó tilẹ̀ to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bó ṣe máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Alájà ti ń ra ọjà tó sì ń tà á láti kékeré. Ohùn tó ń purọ́ kì í kọjá etí rẹ̀. Bó bá sì já irọ́ náà, kò ní gba ohunkóhun gbọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ mọ́ láé.

Ni Kúlísúmù bá gbé fóònù ìyá rẹ̀ jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó dúró síbi tí ìyá rẹ̀ dúró sí lọ́jọ́ náà. Ó ní kí Débọ́lá pe òun. Ó fún fóònù mọ́ra bí ẹni fẹ́ fọ́ ọ. Igi nẹ́tíwọ́ọ̀kì wálẹ̀, ṣùgbọ́n ìpè ò já. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe, kò já. Ayọ̀ fẹ́ gbé e, àfi ìgbà tó gbójú sókè tó rí òpó tuntun tó ga lẹ́yìn ilé epo. Òpó yẹn ò sí níbẹ̀ ní ọdún 2005. Ohun tó ń yẹ̀ wò kì í ṣe ọjọ́ náà. Ọjọ́ náà ti lọ.

Ó gba ọ́fíìsì Dókítà Ọláníran lọ, ó sì sọ fún un nípa Akọ́ládé fún ìgbà àkọ́kọ́. Dókítà yọ awò ojú rẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì.

“Kí lo mọ̀?” ló bi í.

“Mo mọ̀ pé ọwọ́ máa ń mu nínú agbára fóònù, sà.”

“Kí lo ò mọ̀?”

“Mi ò mọ ohun tó já ìpè ọjọ́ yẹn.”

“Sọ méjèèjì fún wọn. Bó o bá sọ ọ̀kan péré, o ti purọ́.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Kúlísúmù àti Débọ́lá gbé nǹkan iṣẹ́ wọn lọ sí bàkónì òkè ilé ní Àmùwó. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń rán ìgbì sí ìpẹ̀kun kan, wọ́n gbé mítà tó ń fi abẹ́rẹ́ wọn agbára ìgbì sórí àga oníke ní ìpẹ̀kun kejì. Débọ́lá tan jẹnẹrétọ̀ kékeré nísàlẹ̀. Fóònù òfìfo méjì ló wà lórí tábìlì: ọ̀kan ní áńtẹ́nà tí gbogbo ayé ń lò, èkejì ní áńtẹ́nà Kúlísúmù. Lẹ́yìn náà ló lọ pe ìyá rẹ̀.

“Kí lo fẹ́ kí n ṣe?” ni Alájà bi í.

“Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ yá, Màámi.”

Alájà rí fóònù lórí tábìlì, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. “Wá ti ẹlòmíràn.”

“Ti ẹlòmíràn kọ́ ni mo fẹ́, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́.”

Ó pẹ́ kí Alájà tó na ọwọ́ jáde. Kúlísúmù gbé fóònù àkọ́kọ́ fún un, abẹ́rẹ́ mítà sì wálẹ̀, ó wálẹ̀ gan-an. Alájà tẹjú mọ́ ọn.

“O rí i? O rí i bó ṣe wálẹ̀?”

“Mo rí i. Ẹ gbé e fún Débọ́lá.”

Débọ́lá dì í mú, abẹ́rẹ́ wálẹ̀. Kúlísúmù dì í mú, ó tún wálẹ̀. “Bó ṣe rí lọ́wọ́ yín ló rí lọ́wọ́ wa. Ọwọ́ èèyàn ni, Màámi. Kì í ṣe ọwọ́ yín.” Ó wá gbé fóònù kejì fún un. Abẹ́rẹ́ mì, ó sún díẹ̀, ó sì dúró. Alájà fún un mọ́ra, ó dúró. Ó yí i padà, ó gbé e sí etí, ó dúró.

“Ìwọ lo ṣe èyí?”

“Èmi àti Débọ́lá ni.” Kúlísúmù jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. “Màámi, mi ò ní tàn yín. Ọwọ́ máa ń mu nínú agbára fóònù, ẹ̀yin náà ti fojú rí i. Mi ò lè búra pé tiyín ò mu nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n fóònù méjì ló wà nídìí ìpè kan. Bọ̀dá Akọ́ náà di tiwọn mú. Inú irin ni wọ́n jókòó sí, irin tírélà tún yí wọn ká. Òpó ò pọ̀ nígbà náà, èèyàn tó ń pè lórí wọn sì pọ̀. Èyíkéyìí nínú wọn lè já a. Èyí tí mo ṣe yìí pàápàá, ìgbì kan wà tí kò lè gbọ́. Bóyá orí ìgbì yẹn ni ìpè náà wà. Mo ti wá a títí. Mi ò mọ̀ ọ́n, Màámi, mi ò sì lè mọ̀ ọ́n láé.”

Jẹnẹrétọ̀ ń ké nísàlẹ̀. Alájà gbójú sókè wò ó.

“Pẹ̀lú gbogbo ìwé tó o kà, o ò mọ̀ ọ́n?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n.”

“Dókítà yín ńkọ́?”

“Àwọn náà ò mọ̀ ọ́n.”

“Débọ́lá?”

“Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, mà.”

Alájà gbé fóònù náà sórí itan. “Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n nígbà náà,” ló wí. “Mo ti jókòó sórí àga Rẹ̀ láti ọjọ́ àdúà, mo ti ń dá ara mi lẹ́jọ́.” Ó fi etí ìró rẹ̀ nu fóònù náà. “Ṣé o mọ̀ pé mo máa ń bá a parí ọ̀rọ̀ yẹn? Nígbà míì màá ní ó fẹ́ kí n gbọ́bẹ̀ kalẹ̀ de òun. Nígbà míì màá ní ó fẹ́ kí n dárí jì í, bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ mí. Ohun tí mo bá fi kún un kì í bá a mu.”

Ó bú sẹ́kún. Kúlísúmù ò tíì rí omi lójú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní itẹ́ òkú. Ó gbé orí lé orúnkún ìyá rẹ̀, òun náà ń sunkún, ó sì wá yé e pé òun náà ti ń wá nǹkan kan tí òun lè mú lẹ́bi láti ọjọ́ yìí wá: irin ni, ìgbì ni, àwọn tó ń ṣe fóònù ni. Débọ́lá rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ bá jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Ọgbẹ́ náà ò jinná lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n fóònù Alájà padà sí àpò ìró rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sétí.

Nígbà tí Kúlísúmù mú àbọ̀ iṣẹ́ lọ fún Dókítà Ọláníran, Dókítà ní ọwọ́ mẹ́ta ò tó. Ọwọ́ èèyàn yàtọ̀ síra. Kúlísúmù ń ronú ibi tí òun á ti rí ọwọ́. Alájà gbọ́ ọ. “Ọwọ́ lò ń wá kiri? Ṣé ọwọ́ ló wọ́n wa?” Ó kó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀ wá sílé lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá Débọ́lá, Màmá Juliana, náà gbọ́, ó sì kó àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá láti Fẹ́sítáàkì lẹ́yìn ìsìn. Ọwọ́ oríṣiríṣi ló dé sí bàkónì náà: ọwọ́ olówò aṣọ tí òrùka wúrà kún ìka rẹ̀, ọwọ́ tí lálì ṣì wà lórí èékánná rẹ̀, ọwọ́ alákàrà tí epo gbígbóná ti bu jẹ, ọwọ́ arúgbó kan, Alájà Yíwọlá, tí oríkèé rẹ̀ ti gan. Kúlísúmù ń ka mítà, Débọ́lá ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin náà kọ́kọ́ ń fi ìka méjì di fóònù náà mú, bí ẹni tó mú ohun tó lè fọ́.

“Ẹ má dì í mú báyẹn,” ni Alájà Làtífátù sọ fún wọn. “Ẹ dì í mú bí ẹ ṣe máa ń dì í mú tí ọmọ yín bá pè.”

Ọwọ́ wọn yí padà lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ sì ni Kúlísúmù ti rí ohun tí kò lè rí lójú kọ̀ǹpútà: òrùka kò fi bẹ́ẹ̀ dí áńtẹ́nà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìka ìfábẹ̀lá tó bá tẹ àlàfo tó wà láàárín apá méjèèjì máa ń fa agbára rẹ̀ wálẹ̀. Ó padà sí Fẹ́sítáàkì, ó gbé àlàfo náà kúrò níbi tí ìka ń dé, ó sì tún gbogbo rẹ̀ gé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó lọ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn olùyẹ̀wò, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti ilé ìwé mìíràn wá tẹnu mọ́ ìgbì gígùn tó kù. Ó ní orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìpè ní Nàìjíríà ń gbà, báwo ló ṣe wá fi í sílẹ̀? Kúlísúmù kò ṣe àwáwí. Ó ní òun ò tíì rí ọgbọ́n rẹ̀, àyè inú fóònù ò gba apá tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó jáde. Nígbà tí wọ́n pè é padà, wọ́n sọ fún un pé ó yege, Dókítà Ọláníran sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láìrẹ́rìn-ín.

Kò sí ilé iṣẹ́ fóònù kankan tó wá béèrè áńtẹ́nà náà. Débọ́lá rí iṣẹ́ ní Abújá, ó sì kó lọ. Kúlísúmù dúró sí yunifásítì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, nígbà tó délé lálẹ́ ọjọ́ tó yege náà, Alájà ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ dè é.

“Ṣé iṣẹ́ ti parí?”

“Mo yege, Màámi, ṣùgbọ́n kò tíì parí. Ìgbì gígùn ṣì kù.”

Alájà bu omi fún un kó fọwọ́. “Ó dáa,” ló wí. “Ọjọ́ wo lo tún máa lo ọwọ́ wa?”